Kẹ̀kẹ́ Mẹ́jọ ní Accokeek

Ọjọ́ kejì tí mo dé Glenarden ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà, mo jókòó sẹ́nu fèrèsé ilé àǹtí mi láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, mo ń wo ẹni tó máa fi ẹsẹ̀ rìn kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí. Ajá rẹ̀ ló sì ń fà á lọ. Àwọn yòókù wà nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ti gíláàsì pa, wọ́n ń sáré kọjá. Nígbà tí Àǹtí Fúnkẹ́ dé láti ibi iṣẹ́, mo bi í pé ṣé wọ́n ń ṣe orò ní àdúgbò yìí ni, tí gbogbo èèyàn fi sá wọlé.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Orò bíìlì ni wọ́n ń ṣe," ó ní. "Má dààmú, ìwọ náà á bá wọn ṣe é láìpẹ́."

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí Fúnkẹ́. Nọ́ọ̀sì ni. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì, nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn. Ìyàwó pásítọ̀, nọ́ọ̀sì. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ ṣe. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi orúkọ mi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, àwọn tó ń wẹ arúgbó, tí wọ́n sì ń yí wọn padà lórí ibùsùn. Èmi kò kórìíra iṣẹ́ náà. Ìdánwò rẹ̀ ni kò gbà mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní Ìṣẹ́yìn. Mo lè ka Bíbélì Yorùbá láì kọsẹ̀, mo sì lè kọ lẹ́tà tó dára, àmọ́ orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò yìí, aago sì wà ní igun rẹ̀ tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Mo máa ń wo aago yẹn ju ìbéèrè lọ. Mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kíní. Mo tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì.

Àǹtí mi kò bú mi. Ó kàn mí kanlẹ̀, ó sì lọ gbé oúnjẹ kaná. Ì bá sàn kó bú mi.

Iṣẹ́ kan wà tí mo mọ̀, àmọ́ n kò jẹ́ sọ ọ́. Bàbá mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi dòńgóyárò kan ní Ìṣẹ́yìn. Ọ̀kadà ti gba ìlú, síbẹ̀ àwọn àgbẹ̀ kan kò jẹ́ fi kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀, bàbá mi náà kò sì fi wọ́n sílẹ̀. Kò bí ọmọkùnrin. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé ìwé ni mo ti ń jókòó tì í. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ tíúbù, bí wọ́n ṣe ń gé ṣéènì kúrú, bí wọ́n ṣe ń na rímù tó bá ti tẹ̀. Bàbá mi á gbé táyà sókè, á máa fi èékánná ta àwọn sípókù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì dẹ etí. Èyí tó le dáadáa máa ń dún ketekete. Èyí tó ti dẹ̀ máa ń dún bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn, láì sí ìwé, láì sí aago.

Àmọ́ àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi kò jẹ́ kí n rímú mí. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ìyàwó Sípánà! Ta ló máa jẹ iyán tó o bá fi ọwọ́ gíríìsì yẹn gún?" Mo wá di ẹni tó ń kó ọwọ́ pa mọ́ sẹ́yìn. Nígbà tó yá, mo ń kó ohùn náà pa mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo sì gbé wá sí Amẹ́ríkà. Tómi, ọmọ Àǹtí tí wọ́n bí síbí, fi Gẹ̀ẹ́sì bi ìyá rẹ̀ lójú mi pé kí ló ń ṣe mí lọ́fun.

Àǹtí pàápàá kò fẹ́ kí n máa dárúkọ iṣẹ́ bàbá mi. "Tí wọ́n bá bi ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì," ó ní, "sọ pé ó wà nídìí ọ̀rọ̀ ọkọ̀."

"Kẹ̀kẹ́ ni, Àǹtí."

"Ṣé kẹ̀kẹ́ kì í yí ni? Ohun tó bá ti ń yí, ọkọ̀ ni."

Àǹtí yìí kan náà ló bá mi wá iṣẹ́ ní Accokeek. Obìnrin ará Faransé kan tó ń jẹ́ Odile ní ilé àlejò níbẹ̀, ó sì ń wá ẹni tó máa tẹ́ ibùsùn, tó máa fọ abọ́, tó sì máa gbé inú ilé náà. Gbogbo agbègbè Prince George's County tí mo mọ̀ títí di ọjọ́ náà kò ju ilé Àǹtí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtajà lọ. Bí a ṣe ń wakọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni igi ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn Àǹtí ń lọ sókè. "Ẹ wo igbó! Ẹ wo màlúù! Ṣé torí ká lè wá wo màlúù la ṣe fò kọjá òkun?"

Ìyá Màdáámù Odile ló kọ́kọ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ní abúlé kan ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn ará ìlú ńlá máa ń wá lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, wọ́n á máa gun kẹ̀kẹ́ káàkiri ọ̀nà oko lójú ọjọ́, wọ́n á wá jẹun papọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Màdáámù fẹ́ ará Amẹ́ríkà, tí ọkọ rẹ̀ gbé e wá sí Maryland, ó dá ti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Ọkọ kú, ilé àlejò kò kú. Tábìlì gígùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, inú ìkòkò kan ni wọ́n ti ń bu oúnjẹ gbogbo èèyàn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dìde títí ẹni tó kẹ́yìn á fi jẹun tán.

Àwọn àlejò náà ló yà mí lẹ́nu. Wọ́n á gbé ọkọ̀ ńlá wá, ọkọ̀ tí ọba ìlú kan lè gùn, wọ́n á gbé e sílẹ̀. Wọ́n á wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ wọn nítan, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí etí Odò Potomac, wọ́n á gba ẹ̀yìn oko yí ká, wọ́n á padà dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú òógùn àti ẹrẹ̀, wọ́n á sì ní àwọn ti sinmi dáadáa.

Ọjọ́ Sunday ni mo máa ń pe ilé. Mo ní, "Bàbá mi, àwọn èèyàn ń sanwó níbí kí wọ́n lè gun kẹ̀kẹ́."

Bàbá mi bi mí pé, "Ta ló ń lé wọn?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé wọn, Bàbá."

"Níbo ni wọ́n wá ń lọ?"

"Wọn kò lọ síbì kankan. Wọ́n á lọ, wọ́n á padà."

Ó pe ìyá mi pé kó wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sọ fún wọn pé oko mi ń bẹ níbí, ó jìnnà dáadáa. Wọ́n lè gun kẹ̀kẹ́ lọ, kí wọ́n bá mi ru iṣu bọ̀. N kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn."

Mo rẹ́rìn-ín gan-an lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ilé náà wá dákẹ́ jù.

Bí o kò bá ní ọkọ̀ ní Accokeek, ibi tí o bá wà náà lo wà. Bí àwọn àlejò bá ti jáde, àgbọ̀nrín nìkan ló máa ń wá síbi ọgbà. Mo máa ń kí wọn ní Yorùbá kí ẹnu mi má baà gbàgbé. "Ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí?" Wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á wò mí, wọ́n á máa jẹ ewé Màdáámù lọ. Mo sábà máa ń rò ó nígbà yẹn pé mi ò sí nílé, mi ò sì tíì dé ibòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìkíni gan-an ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí àlejò wọlé, mo kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan pariwo, ó sáré gbá mi mú lápá, ó rò pé òòyì ló kọ́ mi. Òmíràn ti lọ bu omi wá. Nígbà tí wọ́n wọ yàrá wọn tán, Màdáámù pè mí sí kíṣìnnì, ó ní kí n má kúnlẹ̀ mọ́, pé kí n rẹ́rìn-ín músẹ́ ti tó. Mo gbìyànjú. Àmọ́ orúnkún mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá ti rí àgbàlagbà tí irun orí rẹ̀ ti funfun, orúnkún á ti tẹ̀ kí n tó rántí.

Nínú ilé pákó tó wà lẹ́yìn ilé ni Ọ̀gbẹ́ni Walter ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Bàbá àgbàlagbà ni, ọmọ bíbí Accokeek, ẹni dúdú bíi tèmi. Èmi ni mo máa ń gbé kọfí lọ fún un, mo sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ kan, ó yí táyà kan, ó ní ó ti dára, ó gbé e kọ́. Èmi ti gbọ́ pé sípókù kan nínú rẹ̀ ti dẹ̀. Nígbà tó lọ jẹun ọ̀sán, mo mú sípánà kékeré, mo yí i díẹ̀, mo dá a padà sáyè rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún yí táyà yẹn. Ó dẹ etí. Ó wo táyà, ó wo èmi, ó mu kọfí rẹ̀.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè dúró mọ́, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wá mú un lọ sí ìpínlẹ̀ tirẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Etí rẹ dára. Ẹnu ló kù."

Lẹ́yìn tó lọ, Màdáámù pe èèyàn títí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kò fẹ́ máa wá sí Accokeek. Ẹni tó fẹ́ wá kò mọ̀ ọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ife tíì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì sọ fún mi láì wojú mi pé àwọn obìnrin mẹ́jọ kan ń bọ̀ láti Hyattsville. Tí àwọn yẹn bá lọ tí òun kò sì tíì rí ẹni tó máa tún kẹ̀kẹ́ ṣe, òun á ti ilé náà pa. "Ilé oníkẹ̀kẹ́ tí kò lẹ́ni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe," ó ní, "bí ilé búrẹ́dì tí kò ní ààrò ló rí."

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún mi. Glenarden. Ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tí Àǹtí ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yẹn àti aago rẹ̀.

Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì láti sọ fún Màdáámù pé èmi lè ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́, mo sọ fún un pé ọṣẹ ti tán. Ìgbà kejì, mo ní òjò ń bọ̀. Ìgbà kẹta, mo kàn gbálẹ̀ ibi tí mo dúró sí.

Mo ròyìn fún bàbá mi. Ó ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín ni, Bàbá."

"Wọ́n ti fi èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tó rẹ́rìn-ín láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, táyà rẹ̀ á jò, á wá mi wá."

Àwọn obìnrin mẹ́jọ náà dé ní Thursday. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo wọn ló ń pariwo, tí wọ́n sì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, Màmá Lorraine ni wọ́n ń pè é. Irun rẹ̀ funfun bí òwú. Kẹ̀kẹ́ ilé àlejò ni wọ́n máa gùn. Màdáámù ti háyà ọkùnrin kan láti ọ̀nà jíjìn fún ọ̀sán kan péré, ẹni yẹn fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, ó da epo sí ṣéènì, ó wo aago rẹ̀, ó lọ.

Láàárọ̀ Friday, kẹ̀kẹ́ mẹ́jọ wà níta lórí òkúta wẹ́wẹ́. Oòrùn mú. Mo gbé ìgò omi jáde láti pín in fún wọn. Màmá Lorraine ti wà lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Mo rí orí funfun yẹn, orúnkún mi sì ṣe ohun tó máa ń ṣe.

"Dìde, dìde," ni Màdáámù ń sọ lẹ́yìn mi. "Kí ni mo sọ fún ọ?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," Màmá Lorraine dáhùn. "Ọmọ mi méjèèjì kò kí mi báyìí rí."

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ ojú mi ti wà ní ibi táyà iwájú. Irin méjì ló máa ń gbá táyà náà mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Lókè, níbi tí irin ọ̀tún ti so pọ̀ mọ́ ara kẹ̀kẹ́, ẹrẹ̀ gbígbẹ wà níbẹ̀, ìlà tín-ínrín kan sì gba àárín ẹrẹ̀ náà kọjá bí irun orí. Mo ti rí irú ìlà yẹn rí: irin tó ti sán ni. Bàbá mi fi han ọkùnrin kan ní Ìṣẹ́yìn, ọkùnrin náà ní kó má dá òun dúró. Eyín iwájú mẹ́ta ló fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà oko.

Bí èèyàn bá sì ti jáde ní ọgbà Màdáámù, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà lọ títí dé odò.

Màmá Lorraine gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà. Mo bá fi ọwọ́ méjèèjì di táyà náà mú.

"Ọmọ mi, jẹ́ kí n máa lọ."

"Rárá."

N kò sọ rárá fún àgbàlagbà rí láyé mi. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe dún sókè tó. "Rárá, Mà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Màdáámù ń bọ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo da omi ìgò sí etí épírọ́ọ̀nù mi, mo nu ẹrẹ̀ yẹn kúrò, mo fi èékánná sí ojú ìlà náà. Èékánná wọlé. Màmá Lorraine sọ̀ kalẹ̀, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Lẹ́yìn náà, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Irin náà dá pàá.

"Jésù," ni Màmá Lorraine wí jẹ́ẹ́. Àwọn méje yòókù sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n sọ̀.

Màdáámù bi mí pé, "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

Ọ̀rọ̀ Àǹtí wà lórí ahọ́n mi, ti ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Mo gbé e mì. "Bàbá mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe," mo ní. "Èmi náà ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe." Ẹni tó jìnnà jù níbẹ̀ gbọ́ mi.

"Ó dáa," ni Màmá Lorraine wí, ó sì jókòó sórí koríko. "Wo èyí tó kù. Àwa kò kánjú, a ti fẹ̀yìn tì."

Mo wo kẹ̀kẹ́ méje yòókù, mo fọwọ́ kan gbogbo wọn. Búréèkì kan ti jẹ tán, mo pààrọ̀ rẹ̀. Táyà kan ní sípókù mẹ́ta tó dẹ̀, nígbà tí mo ń ta wọ́n, àwọn obìnrin náà dákẹ́ kí n lè gbọ́, ìgbà tí mo sì ta èyí tó dẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní, "Àní èmi gan-an gbọ́ ìyẹn!" Kẹ̀kẹ́ tí Màmá Lorraine máa gùn ló wá kù, nítorí tirẹ̀ ti dá. Màdáámù wọ ilé pákó lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ ló gbé jáde, èyí tó ti wà lára ògiri láti ọjọ́ tí bàbá náà ti kú. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo nù ún, mo da epo sí i, mo rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀.

Oòrùn ti ga kí wọ́n tó lọ. Màmá Lorraine ló kọ́kọ́ wọlé nírọ̀lẹ́, ó ń fọn fèrè lẹ́nu. Mo kà wọ́n wọlé. Mẹ́jọ pé.

Kíṣìnnì ni mo ti máa ń jẹun. Lọ́jọ́ yẹn, Màdáámù fa àga kan jáde níbi tábìlì gígùn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé pákó sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ mi. "Ó yẹ kí o ti sọ fún mi tipẹ́," ó ní. Ó bu ọbẹ̀ fún mi kó tó bu ti ara rẹ̀.

Àǹtí Fúnkẹ́ dé ní Sunday láti ṣọ́ọ̀ṣì, fọ́ọ̀mù ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta wà nínú báàgì rẹ̀. Ó bá mi nínú ilé pákó, gíríìsì dé ìgúnpá mi.

"Yé! Kí ni wọ́n fi ọmọ mi ṣe?"

"Òun ni ọ̀gá kẹ̀kẹ́ wa," Màdáámù dá a lóhùn.

"Ọ̀gá kẹ̀kẹ́?" Àǹtí yí sí mi. "Ṣé wọ́n ní ìwé ẹ̀rí fún ìyẹn?"

Màmá Lorraine tó ń di ẹrù rẹ̀ ló dá sí i. Ó mú Àǹtí lọ́wọ́, ó fi irin tó dá hàn án, ó fi ọ̀nà tó lọ sí odò hàn án, ó sì dé ibi táyà tí mo dì mú, ó ní òun ti bá ọmọ yìí jà kó fi òun sílẹ̀, kò gbà. Àǹtí wo irin náà títí. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ ohun tó máa ń gbẹ̀yìn irú ìyẹn. Ó jókòó sórí àpótí Ọ̀gbẹ́ni Walter pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, ó fa fóònù yọ, ó pe ìyàwó pásítọ̀.

"Mà, ọmọ wa ti di ẹnjiníà o. Bẹ́ẹ̀ ni. Ti kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́, Mà! Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, iṣẹ́ ìdílé wọn ni."

Fọ́ọ̀mù yẹn kò jáde nínú báàgì. Láti ìgbà yẹn, Àǹtí ti gbé kẹ̀kẹ́ Tómi wá fún mi lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é.

Mo ṣì máa ń fi ohùn kékeré sọ̀rọ̀. Bí mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Glenarden, ẹ̀yìn ni mo ṣì máa ń jókòó sí. Mo gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ilẹ̀ àjèjì tó mọ èèyàn. Bóyá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ Friday yẹn, bí mo bá jí ní Accokeek, kì í ṣe mí mọ́ bíi pé mo wà lójú ọ̀nà.

Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin mẹ́fà kan dé, kẹ̀kẹ́ tiwọn ni wọ́n kó wá. Ọ̀kan nínú wọn, dókítà kan, ti wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní kùtùkùtù, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo dúró níwájú géètì.

Ó ní, "Wọ́n ti bá mi wò ó ní ìlú."

"Kẹ̀kẹ́ kankan kì í jáde níbí láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án."

Ó wo ọ̀dọ̀ Màdáámù, tó ń já ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Màdáámù kò gbé orí sókè. "Èmi kọ́ lẹ máa bi," ó ní.

Dókítà sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé táyà iwájú, mo gbé ti ẹ̀yìn, mo wo búréèkì, mo ta sípókù yí ká. Kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. "Ẹni tó bá yín wò ó mọ iṣẹ́," mo sọ fún un, inú rẹ̀ sì dùn. Mo bọ́ sórí èkejì, mo bọ́ sórí ẹ̀kẹta. Wọ́n dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n ń gbé èkejì sílẹ̀ nítorí òtútù àárọ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ pé mo ń pẹ́. Nígbà tí mo ṣe ẹ̀kẹfà tán, mo nu ọwọ́ mi, mo ṣí géètì.

"Ẹ máa lọ," mo ní.

Wọ́n lọ.